Agogo Tó Ń Dún Lẹ́yìn Ohùn Rẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé mo gbàgbé ìṣó sínú bàtà dúdú tí o ní kí n bá ọ tún ṣe, pé kí o ká awọ inú rẹ̀ sókè kí ìṣó náà má baà gún ọ lẹ́sẹ̀. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ìwé yìí ló wà níbẹ̀, ìdajì nínú bàtà òsì, ìdajì nínú ti ọ̀tún. Ti òsì ni kí o kọ́kọ́ kà. Ti ilẹ̀kùn ná.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ẹnu sọ ọ́ nígbà tí o wá ní Sọ́ńdè tó kọjá. Mo gbìyànjú. Nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé ọbẹ̀ rẹ ò níyọ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, mi ò lè gbé e jáde láìpariwo. Tí mo bá sì ti pariwo, ìwọ á sunkún, ọ̀rọ̀ náà á dànù. Mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ nínú yàrá tuntun tí o gbà ní Ìbà nítorí iṣẹ́ tíṣà yìí. Ọjọ́ tí mo bá ọ gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, mo gbọ́ bí ará yàrá kejì ṣe ń sín. Ògiri tó bá gba sísín kọjá á gba ọ̀rọ̀ kọjá.

Nítorí náà mo wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀jọ́ lónìí, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ tèmi. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mo pè ọ́ létí rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ sì pọ̀ nílé ayé.

Mo mọ̀, ọmọ mi. Kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ohùn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa àwọn ajẹ́ǹtì ilé. Ohùn tí kò ní ojú, tí kò ní orúkọ bàbá, tí gbogbo Òkòkómaikò ń gbọ́ kí wọ́n tó sanwó ilé. O fi ẹ̀rọ yí i padà, ó wá dà bí ohùn ọkùnrin tí ọ̀fìnkìn mú. Ó tan gbogbo ayé jẹ. Kò tan èmi jẹ. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀, nítorí ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ni ẹlòmíì náà lè gbà mọ̀.

O mọ ibi iṣẹ́ mi ní Ìyànà Ìbà. Ẹni tó bá ń tún bàtà ṣe, ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń nà sí i, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àṣírí wọn lókè orí mi bí ẹni pé àpótí ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ajẹ́ǹtì kan wá, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ó bọ́ ẹsẹ̀ kan fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sórí táyà. Ó gbé fóònù sókè, ohùn rẹ ń jáde níbẹ̀, o ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi yàrá kan ṣoṣo gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀ jàre. Ta ló mọ̀ bóyá Kánádà ló wà?"

"Kánádà bàbá ẹ! Gbọ́. Má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ o. Gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Agogo ni mo gbọ́."

"Ehẹn. Agogo kí ni?"

"Agogo ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá. Ṣé agogo ló wọ́n ní Òkòkó ni? Ojúlé wo ni ò ní wòlíì?"

"Orí ẹ ò pé. Kà á. Gọ, gọ, gọ. Ó dákẹ́. Gọ. Bí ẹni pé ẹni tó ń lù ú sùn lọ, tó wá ta jí. Sọ́ńdè ló máa ń wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí agogo yẹn, mo ti rí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí mo bá wá rí ilé yẹn..."

Kò parí rẹ̀. Ike omi kan wà nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tí bàtà ṣì wà tẹ̀ ẹ́, ó ń yí gìgísẹ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi rí pẹlẹbẹ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá Ṣúmékà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ ò mọ agogo yìí?"

"Etí mi ti lọ."

"Etí tó gbọ́ nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ dín owó kù, tẹ́ ẹ fò dìde bí ẹni tí èèrà ta! Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀yin gan-an ń lọ?"

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ. O tẹ òwú mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ti gún mi nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú bàtà rẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mò ń lu agogo yẹn. Kò sí ẹlòmíì tó ń lù ú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí o bá ní orí ń fọ́ ọ, tí o wọ yàrá ẹ̀yìn nílé wa tí o ti ilẹ̀kùn, mo rò pé o ń sùn ni. O ń sọ̀rọ̀, èmi sì wà ní ẹ̀yìn ògiri, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó fara ti ilé wa, mò ń fi ọwọ́ ara mi júwe ilé fún àwọn tó ń wá ọ.

Mi ò tíì sọ òótọ́ fún ọ rí nípa ọwọ́ yìí. Mo ní ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú. Irọ́ ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá mi máa ń fi páálí ṣe ìsàlẹ̀ bàtà, á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, á sì gba owó awọ gidi. Tí òjò bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, bàtà ti di ẹ̀kọ. Àánú àwọn tó ń rà á ń ṣe mí. Mo wá mú ẹfun, mo ń fa àgbélébùú kékeré sábẹ́ ahọ́n bàtà tó bá ní páálí nínú. Mo dọ́gbọ́n sí i tí ìtumọ̀ àmì náà fi tàn láàárín àwọn oníbàárà láìsí ẹni tó mọ orísun rẹ̀. Oníbàárà á dé, á ká ahọ́n bàtà sókè, á rọra gbé e sílẹ̀. Orí ọ̀gá mi dàrú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ṣe é, ọwọ́ ò tẹ̀ mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ò tó mi mọ́. Mò ń fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé èmi ni. Ẹnì kan péré. Mo sọ fún Làmídì ọ̀rẹ́ mi níbi tí a ti ń jẹ àgbàdo. Làmídì búra. Làmídì kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Òun náà kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé òun mọ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé irin tí a fi ń kan bàtà, ó sì gbé òòlù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lu agogo bẹ́ẹ̀. Tí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ìka yìí á tú, mo ní láti tún igi náà dì mú kí n tó lu ẹ̀kẹrin.

Nítorí náà, ìkìlọ̀ mi kìíní: má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń bá ọ rìn yẹn, tó máa ń kí mi ní ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọ ilẹ̀ lọ, má sọ fún un. Tó bá di ọkọ rẹ, tó sì ti di bàbá ọmọ, kí o tún rò ó wò. Ọ̀tá ò lè fi ọ́ hàn, kò mọ̀ ọ́. Ìyìn ló lè fi ọ́ hàn. Ọjọ́ tí o bá wà láàárín èèyàn, tí wọ́n ń yin ohùn yẹn, tí ọkàn rẹ ń sáré pé kí wọ́n mọ̀, rántí ìka mi.

Èkejì, ohun tí o kà sí nǹkan kékeré ni kí o bẹ̀rù. Àkùkọ àdúgbò. Fèrèsé tó hàn nínú àwòrán. Wákàtí tí o máa ń sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè nìkan ti sọ fún ayé pé òun ń lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ tó kù. Má lọ wo ilé tí o ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún ọ ní ẹ̀bùn, pé kí o júwe ibi tí òun á gbé e wá, má dá a lóhùn, ì báà jẹ́ opó ló ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó kàn yìí dùn mí láti sọ. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀, o máa ń ní, "Ẹ fi ẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní." Ìyá rẹ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú fóònù ajẹ́ǹtì yẹn, ó dà bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Má sọ ọ́ mọ́. Àwọn obìnrin tó bá a kọrin nínú ìjọ ṣì wà láàyè, etí wọn ò sì di. Mo mọ̀ pé ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ò pọ̀. Síbẹ̀, má sọ ọ́ mọ́.

O lè ní, "Bàbá, ta ló máa gba ẹni tí wọn ò mọ̀ gbọ́, tí mi ò bá fi nǹkan kan hàn wọ́n nínú ara mi?" Gbọ́ ti ìyá tó bí mi. Ní abúlé wa, lọ́nà Ìlaròó, ó máa ń to ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà ní òkìtì òkìtì. Á fi òkúta síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, iye òkúta ni iye owó. Á sì gba oko lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń kọjá á mú ọsàn, á fi owó sílẹ̀. Àwọn míì ra ọsàn rẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó, wọn ò mọ ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun tò ó. Mo kó èyí tó ti ń rà sí ìsàlẹ̀, mo fi èyí tó dára bò ó, mo jẹ èyí tó ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n ni mo pè é. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, òkìtì ń wà bí a ṣe tò ó, eṣinṣin ló ń bá wa ná an. Ìyá mi fi oko sílẹ̀, ó jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè rí ojú òun, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn gidi ni òun. Ó bẹ arìnrìn-àjò kan pé kó dúró, pé òun lòun ni ín. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Ìyá, ta ló mọ̀ yín? Ọsàn yín la mọ̀."

Ìyá mi ò nà mí. Ó dára kó nà mí. Ọdún méjì gbáko kó tó di pé àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọsàn wa.

Ìwọ náà, ọsàn rẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o ò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ìdí rẹ̀, má gbé e jáde. Ẹni tó bá bínú sí onílé rẹ̀ lè parọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí o jáde wá sọ pé o ṣìṣe, pé onílé kan ò mọ̀dí ohun tí o fi kàn án, mo gbọ́ ọ. Mo ń rán bàtà pẹ́ lákòókò yìí kí n lè máa gbọ́ ọ nínú fóònù oníbàárà. Ajẹ́ǹtì yẹn tún wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fi ń gbà á gbọ́ nìyẹn." O ṣe dáadáa níbẹ̀. Má sì bú ìyá ẹnikẹ́ni nítorí pé wọn ò rí ojú rẹ. Ohun tí o ò lè sọ níwájú mi, má fi òkùnkùn bojú sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kù tí mo ti ń yẹra fún. O kéré nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ló ń tọ́jú rẹ, o kàn gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn ni. Ajẹ́ǹtì tó gba owó yàrá àti pálọ̀ lọ́wọ́ wa, mo mọ ojú rẹ̀. Mo mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ìjókòó kan náà la jọ ń jókòó nínú ìjọ. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé ẹni tí a jọ ń gbàdúrà ló fẹ́ fura sí. Ọjọ́ tí a kó ẹrù dé, kọ́tìnì ẹlòmíì ló wà lójú fèrèsé. Faranda ìjọ la sùn sí ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, àyà ìyá rẹ ò sì le tẹ́lẹ̀. Ikọ́ mú un, kò lọ títí ó fi gbé e lọ. Ojú tí mo rí, tí mo mọ̀, òun ló pa ìyá rẹ. Èmi ni mo sì mú un lọ síbẹ̀.

Nítorí náà mi ò lè sọ pé iṣẹ́ rẹ ò dára. Ṣùgbọ́n mo ti sin ẹnì kan. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o pa á tì. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ wá nìyẹn. Mo ti la ẹnu, mo ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pàṣẹ fún un, kó pa ohùn yẹn rẹ́ lónìí." Akọ̀wé yìí gbé bírò sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n kọ ìyẹn."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ó ní òun ti fẹ́ sanwó ilé kan ní Ìbà, oyún ìyàwó òun sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ó ní ohùn yẹn ló ní kí òun yẹ ilẹ̀ wò. Òun bá padà lọ bi ará ilé tó wà lódìkejì, ó sì bá èèyàn mẹ́rin tó ti sanwó yàrá kan náà. Ó ní, "Inú ilé ni ìyàwó mi bímọ sí, Bàbá. Inú ilé. Kì í ṣe ìta."

Ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ àpò. Ó rí i. Ó ní, "Mi ò rí ọwọ́ kankan. Ẹ ò sì wá síbí lónìí." Kò fẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kó gbà á tipátipá, nítorí ẹni tó bá ṣe mí lóore á máa rántí ojú mi. Oníbàárà lásán ni mo fẹ́ jẹ́ fún un. Ó gbà á. Ó ti ń kọ̀wé lọ báyìí, kò gbé ojú sókè.

Mi ò ní pàṣẹ mọ́. Ohun tí mo lè ṣe, mo ti ṣe é.

Sọ́ńdè méjì rèé tí mi ò lu agogo. Mo sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé apá ń dùn mí. O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá rẹ ni wọ́n gbé igi agogo yẹn fún mi, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mi ò tíì sọ ìyókù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń lù ú bí ẹni pé ìyá rẹ ń gbọ́ ọ lórí faranda yẹn. Obìnrin kan ló gbà á báyìí. Gọ, gọ, gọ, gọ. Kò dákẹ́ níbì kankan. Ẹni tó bá ń wá agogo tó ń dákẹ́ káàkiri Òkòkómaikò, kò ní rí i mọ́. Àwọn ohùn rẹ àtijọ́ tó wà níta, pa èyí tí o bá lè pa rẹ́. Èyí tí o ò bá lè pa rẹ́, agogo tó ti kú ló wà nínú rẹ̀.

Sọ́ńdè tó kọjá, agogo yẹn ń dún lọ́wọ́ nígbà tí mo ń sọ fún ọ pé ọbẹ̀ rẹ ò níyọ̀. O ò fura pé èmi tó yẹ kí n máa lù ú ni mo wà níwájú rẹ.

Jó ìwé yìí. Wọ bàtà rẹ, awọ gidi ni mo fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, má gbé fóònù wọ yàrá ẹ̀yìn. Wá jókòó tì mí, kí a jọ gbọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń lù ú. Mi ò tíì lè dá nìkan gbọ́ ọ.

Èmi ni,
bàbá rẹ, tí kò ní orúkọ nínú ìwé yìí.